Iná ọkọ̀ dàrú lẹ́yìn tí sípánà ṣe bírìjì lórí bátìrì: ṣé brain box (kọ̀ǹpútà tí ń darí ẹ́ńjìnnì) ló jó lóòótọ́?

Ìyá Mọ́remí, Kúbwà

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni mo gbé wá síwájú yín, mo sì bẹ ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa iná ọkọ̀ pé kí ẹ fara balẹ̀ kà á, nítorí pé owó tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ mi kì í ṣe owó kékeré, n kò sì fẹ́ ná an kí ó tó dá mi lójú pé ibi tí àrùn wà gan-an ni a fẹ́ tọ́jú.

Toyota Corolla ọdún 2005 ni ọkọ̀ náà, tókunbọ̀ ni. Láti ìgbà tí ooru oṣù Kẹta ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú ní Àbújá ni bátìrì rẹ̀ àtijọ́ ti ń rẹ̀ ẹ́, nítorí náà mo ra tuntun lọ́wọ́ ọkùnrin kan tí ó ń ta bátìrì lẹ́bàá ọ̀nà. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ni ó ń dè é. Ó ti de wáyà méjèèjì tán, ó wá ku irin pẹlẹbẹ tí ó máa ń di bátìrì mú kí ó má baà mì. Bí ó ti ń fi sípánà gígùn yí nọ́ọ̀tì irin náà, ìdí sípánà kan orí pọ́sítíìfù. Iná ṣẹ́ lójijì, sípánà náà lẹ̀ mọ́ irin, títí ọmọ náà fi rí igi tí ó fi gbá a kúrò. Òórùn rọ́bà jíjó gba gbogbo abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. A dúpẹ́ pé kò sí ẹni tí ó fara pa. Ẹ́ńjìnnì kò ṣiṣẹ́ lákòókò náà, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ mi.

Láti ìgbà náà ni ọkọ̀ ti kọ̀ láti sítáàtì. Sítátà ń yí ẹ́ńjìnnì dáadáa, kódà ó ń yí i kíákíá ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì kì í gbà á. Àwọn iná dáṣíbọ́ọ̀dù ń tàn, àmì ẹ́ńjìnnì aláwọ̀ ìyeyè náà sì ń tàn nígbà tí kọ́kọ́rọ́ bá wà ní ON, àmọ́ bí mo bá tan iná iwájú báyìí, gbogbo wọn a rọ, n ó sì máa gbọ́ nǹkan kan tí ó ń ró tàkà-tàkà-tàkà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Fèrè kò dún dáadáa, ńṣe ni ó ń kùn.

Rìwáyà (oníṣẹ́ iná ọkọ̀) tí mo pè wo gbogbo fíúùsì, ó ní wọ́n pé. Ó fi mítà wọn orí pọ́sítíìfù pẹ̀lú ara ọkọ̀, ó ní iná náà pé, 12.5. Ó fa rédíò jáde kí ó lè wo wáyà ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì tì í padà. Lẹ́yìn èyí ni rédíò kú, tí ó wá rí i pé fíúùsì kan ti jó, èyí tí wọ́n kọ DOME sí lórí ìdérí àpótí. Kò ní irú rẹ̀ lọ́wọ́, nítorí náà ó bó wáyà bàbà, ó sì kì í bọ ojú ihò náà. Ó so scanner, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ka àrùn ọkọ̀ láti inú brain box, mọ́ ọkọ̀, scanner náà tàn díẹ̀, ó kú. Ó wá sọ pé níwọ̀n ìgbà tí scanner kò ti lè bá brain box sọ̀rọ̀, brain box ti jó nìyẹn, kí n wá owó tókunbọ̀ rẹ̀ kí òun lọ rà á ní Àpò.

Ìbéèrè mi nìyí. Ǹjẹ́ sípánà orí bátìrì lè jó brain box nígbà tí kọ́kọ́rọ́ kò sí nínú ọkọ̀ rárá? Níbo ni ó yẹ kí àyẹ̀wò ti bẹ̀rẹ̀? Mítà kékeré kan wà nílé tí ọmọ mi ń lò ní yunifásítì, mo sì lè ka nọ́ńbà ojú rẹ̀ bí ẹ bá sọ ibi tí n ó fi ẹnu rẹ̀ sí fún mi. Ó yẹ kí n fi kún un pé wọ́n pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ yìí lọ́dún tó kọjá, ọkọ̀ sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa láti ìgbà náà títí di ọjọ́ bátìrì yìí.

Oníná, Lúgbe

Ìyá Mọ́remí, ẹ kú ìdààmú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì ra brain box. Bí ẹ ti to ọ̀rọ̀ yìí lẹ́sẹẹsẹ ni ó jẹ́ kí n lè sọ bẹ́ẹ̀ láìfi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ọ̀nà tí iná gbà nígbà tí sípánà ṣe bírìjì, ìyẹn nígbà tí ó fún iná ní ọ̀nà àbùjá. Iná a máa jáde láti orí pọ́sítíìfù, ó sì gbọ́dọ̀ padà sí orí nẹ́gétíìfù. Irin tí ó di bátìrì mú wà ní dídè mọ́ ara ọkọ̀, nítorí náà nígbà tí sípánà kan òun àti orí pọ́sítíìfù lẹ́ẹ̀kan náà, iná gba inú sípánà bọ́ sí ara ọkọ̀, ó sì gba wáyà earth (wáyà tí ó so ara ọkọ̀ pọ̀ mọ́ bátìrì) padà sí nẹ́gétíìfù. Kò dé inú àpótí fíúùsì, kò sì dé inú brain box. Ìdí nìyẹn tí fíúùsì kankan kò fi jó nígbà náà, ìdí nìyẹn bákan náà tí kò fi sí ohun tí ó lè dá iná ọ̀hún dúró. Ohun tí ó ń dí iná lọ́wọ́ nínú bátìrì tuntun kéré gan-an, nítorí náà iná tí ó gba inú sípánà yẹn lè tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún áńpíà, ó tilẹ̀ lè kọjá 1,000, bẹ́ẹ̀ gílóòbù iná iwájú kan ṣoṣo kì í lò ju bí áńpíà 5 lọ.

Ibo wá ni irú iná bẹ́ẹ̀ ti máa ṣe jàǹbá? Ibi tí ọ̀nà náà ti tín-ín-rín jù lọ ni. Ní ọ̀pọ̀ Toyota, wáyà méjì ni ó jáde láti orí nẹ́gétíìfù. Ọ̀kan nípọn, ó lọ bá ẹ́ńjìnnì tàbí àpótí gíà, òun ni iná sítátà ń gbà padà. Èkejì tín-ín-rín, ó sì kúrú, ara ọkọ̀ nítòsí bátìrì níbẹ̀ ni wọ́n dè é mọ́. Ara ọkọ̀ ni iná sípánà gbà, nítorí náà wáyà tín-ín-rín yìí ni ó kọ́kọ́ kàn. Mo fura pé láti ara rẹ̀ ni òórùn rọ́bà tí ẹ gbọ́ ti wá.

Ẹ wá fi èyí wé ohun tí ọkọ̀ yín ń ṣe. Sítátà ń yí dáadáa nítorí pé wáyà nínípọn ni ó ń lò, kò sì sí ohun tí ó ṣe é. Ṣùgbọ́n iná iwájú, fèrè, dáṣíbọ́ọ̀dù àti pọ́ọ̀ǹpù epo tí ó wà nínú táǹkì, ara ọkọ̀ ni gbogbo wọn ń gbà padà sí bátìrì. Bí wáyà tín-ín-rín bá ti jó tí ó ku fọ́nrán díẹ̀, ohun kékeré á ṣì máa tàn, ṣùgbọ́n bí ẹ bá tan ohun tí ó ń jẹ iná púpọ̀, ìyókù á kú lé e lórí. Tàkà-tàkà tí ẹ ń gbọ́ yẹn, rílè ni, ìyẹn súwíìṣì kékeré tí iná ń tì. Iná tí ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kò tó láti mú un dúró, ó ń mú, ó ń tú. Pọ́ọ̀ǹpù epo náà kò sì ní lágbára tó láti ti epo dé ẹ́ńjìnnì.

Ó yẹ kí ọ̀nà mìíràn wà fún iná láti gbà, ìyẹn okùn bàbà híhun tí ó so ẹ́ńjìnnì pọ̀ mọ́ ara ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ sọ pé wọ́n pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì. Mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà ní Àpò àti ní Zuba pé bí mẹkáníìkì bá sọ ẹ́ńjìnnì tókunbọ̀ sínú ọkọ̀, okùn yìí ni ó máa ń ṣẹ́kù sílẹ̀, nítorí pé ọkọ̀ á ṣì ṣiṣẹ́ láìsí i, kò sì sẹ́ni tí yóò mọ̀ títí wáyà kékeré tó kù yóò fi jó.

Ní ti brain box, àmì ẹ́ńjìnnì tí ó ń tàn ní ON jẹ́ ẹ̀rí rere. Nínú Toyota ọdún wọ̀nyẹn, brain box fúnra rẹ̀ ni ó ń tan àmì náà, bí brain box bá sì ti kú pátápátá, àmì náà kì í sábà tàn. Scanner tí ó tàn tí ó kú kò fi nǹkan kan hàn nípa brain box. Ihò kẹrìndínlógún nínú ẹnu scanner ni ó ti ń gba iná pọ́sítíìfù, ihò kẹrin sì ni earth rẹ̀, ara ọkọ̀ ni earth náà sì ti ń wá. Bí earth ara ọkọ̀ bá ti bàjẹ́, scanner náà kò ní rí iná jẹ.

Mítà ọmọ yín tó fún àyẹ̀wò yìí. Ẹ yí i sí DC, sí fólítì 20. Ẹ tan iná iwájú kí ọkọ̀ ní ohun tí ó ń gbé, nítorí pé láìtan nǹkan kan, fọ́nrán bàbà ẹyọ kan lásán tó láti fi 12.5 han mítà, ohun tí ó sì ṣi rìwáyà yín lọ́nà nìyẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ wọn orí pọ́sítíìfù sí orí nẹ́gétíìfù, orí pọ́sítíìfù sí ara ọkọ̀ níbi tí kò sí ọ̀dà, orí nẹ́gétíìfù sí ara ọkọ̀, àti orí nẹ́gétíìfù sí ara ẹ́ńjìnnì. Orí bátìrì gan-an ni kí ẹ fi ẹnu mítà kàn, kì í ṣe irin tí ó dì í mú. Ẹ kọ nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin síbí, kí ẹ sì tètè pa iná iwájú.

Ẹ má tún máa gbìyànjú láti sítáàtì rẹ̀. Iná tí kò rí ọ̀nà rẹ̀ padà á wá ọ̀nà mìíràn, ó lè gba inú okùn gíà tàbí inú àwọn wáyà earth kéékèèké tí ó lọ bá brain box, ibẹ̀ ni ẹ ti lè pàdánù brain box tí kò tíì ṣe nǹkan kan.

Ọmọ Ọ̀fà, Kàdúná

Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá Oníná. Mo fara mọ́ gbogbo ohun tí ẹ sọ, ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó yẹ kí Ìyá Mọ́remí ṣe kí wọ́n tó ṣe ohunkóhun mìíràn, kódà kí wọ́n tó gbé mítà. Mà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ wáyà bàbà yẹn kúrò nínú ihò DOME lónìí.

Fíúùsì DOME kò lè jó nítorí sípánà, Bàbá ti ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Ẹ sì sọ fúnra yín pé lẹ́yìn tí wọ́n fa rédíò jáde tí wọ́n sì tì í padà ni rédíò kú. Ó ṣeé ṣe kí wáyà kan ti há sẹ́yìn rédíò, kí ara rẹ̀ sì ti bó, kí ó máa kan irin. Bírìjì kejì nìyẹn, kò sì bá ti bátìrì tan. Wáyà tí ó ń bọ̀ láti DOME kì í dúró de kọ́kọ́rọ́, tọ̀sán-tòru ni iná wà nínú rẹ̀.

Ohun tí ó ń bà mí lẹ́rù ni pé earth tí kò dára yẹn ni ó ń dáàbò bo ọkọ̀ yín báyìí. Iná kò rí ọ̀nà padà dáadáa, nítorí náà bí wáyà ẹ̀yìn rédíò bá tilẹ̀ kan irin, iná tí yóò sáré gba ibẹ̀ kò ní pọ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá tún earth ṣe, tí wáyà bàbà yẹn sì wà níbẹ̀ síbẹ̀, gbogbo agbára bátìrì ni yóò gba inú wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, kò ní sí fíúùsì tí yóò já. Wáyà náà á pọ́n, rọ́bà ara rẹ̀ á gbiná, ọkọ̀ á sì jóná níbi tí wọ́n gbé e sí, ó lè jẹ́ lóru. Wáyà gbọọrọ náà ni fíúùsì wà láti dáàbò bò, ohun tí a bá fi rọ́pò rẹ̀ gbọ́dọ̀ lè já kí wáyà tó gbóná. Bí ẹ bá ń ra fíúùsì, ẹ wo nọ́ńbà tí ó wà lára ìdérí àpótí, kí ẹ sì ra irú rẹ̀ gan-an. Àwọ̀ wọn kì í purọ́ bí ó bá jẹ́ ojúlówó: pupa ni 10, búlúù ni 15, ìyeyè ni 20, àwọ̀ ewé ni 30. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi 30 sí ojú 15 fún yín pé kí ó má baà máa jó.

Ẹ máa tú wáyà nẹ́gétíìfù lóru títí ọ̀rọ̀ yìí yóò fi tán.

Adé, Kánò

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ kan kún un nípa brain box, nítorí pé n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka ibí yìí kí ó sì rò pé bírìjì kì í bà á jẹ́ láéláé. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ tí wáyà bátìrì já tàbí tí ẹnìkan tú u, iná alternator (ẹ̀rọ tí ẹ́ńjìnnì ń yí láti fi ṣe iná sínú bátìrì) lè fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹn sì lè pa brain box. Bí ẹnìkan bá sì gbé pọ́sítíìfù sí ojú nẹ́gétíìfù, diode inú alternator, ohun tí kì í jẹ́ kí iná gbà ju ọ̀nà kan ṣoṣo lọ, á jó. Ti Ìyá Mọ́remí kò sí nínú méjèèjì. Ẹ́ńjìnnì kò ṣiṣẹ́, wọn kò sì gbé orí bátìrì fún ara wọn.

Bí kọ́kọ́rọ́ yín bá sì jẹ́ èyí tí ó ní chip nínú, brain box tókunbọ̀ láti inú ọkọ̀ mìíràn kò ní dá kọ́kọ́rọ́ yín mọ̀ títí wọ́n yóò fi tún un kọ́. Ẹ lè rà á, kí wọ́n dè é, kí ọkọ̀ náà má sítáàtì síbẹ̀, kí wọ́n wá sọ pé èyí tí ẹ rà kò dára, kí ẹ tún wá òmíràn.

Ìyá Mọ́remí, Kúbwà

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ará. Mo ti yọ wáyà bàbà náà. Apá kan ara rẹ̀ ti dúdú, èyí sì já mi láyà gan-an.

Mo ṣe àyẹ̀wò náà ní àárọ̀ yìí pẹ̀lú ọmọ mi, bí Bàbá ti là á sílẹ̀. Láìtan nǹkan kan, bátìrì jẹ́ 12.6. Nígbà tí a tan iná iwájú, pọ́sítíìfù sí nẹ́gétíìfù jẹ́ 12.3. Pọ́sítíìfù sí ara ọkọ̀ jẹ́ 7.9. Nẹ́gétíìfù sí ara ọkọ̀ jẹ́ 4.4. Nẹ́gétíìfù sí ẹ́ńjìnnì jẹ́ 0.01, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí nǹkan kan.

A tún wo abẹ́ bátìrì. Wáyà dúdú kékeré kan wà níbẹ̀ tí ó ti orí nẹ́gétíìfù lọ sí ara ọkọ̀. Bí ènìyàn bá wò ó láti òkè, kò sí ohun tí ó ṣe é, ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ mi fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ nítòsí bóòtù, rọ́bà rẹ̀ rọ̀ níbẹ̀, ó sì ṣófo nínú. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí ó kọjú sí ilẹ̀ ti yọ́, bàbà inú rẹ̀ ti di aláwọ̀ ewé àti dúdú. N kò rí okùn híhun kankan láàrin ẹ́ńjìnnì àti ara ọkọ̀, ihò bóòtù rẹ̀ nìkan ni mo rí lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, òfìfo ni.

Oníná, Lúgbe

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ, ìwọ náà ọmọ wa, o ṣe é. Ẹ ti rí i.

Ẹ wo àwọn nọ́ńbà yẹn dáadáa: 7.9 àti 4.4 jẹ́ 12.3. Fólítì 4.4 tí ó yẹ kí ó lọ tan iná iwájú ni ó ń ṣòfò sínú wáyà jíjó kékeré yẹn. Nínú ọkọ̀ tí ara rẹ̀ dá, nẹ́gétíìfù sí ara ọkọ̀ kò gbọ́dọ̀ ju 0.2 lọ nígbà tí iná iwájú bá ń tàn. Ti ẹ́ńjìnnì yín wà ní 0.01, ìyẹn ni pé wáyà nínípọn wà láàyè, gẹ́gẹ́ bí sítátà ti sọ fún wa tẹ́lẹ̀.

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ yá wáyà tí wọ́n fi ń jọ́ọ̀mpù bátìrì lọ́wọ́ aládùúgbò. Ẹ mú wáyà dúdú rẹ̀ nìkan, ẹ fi ẹnu kan gbá orí nẹ́gétíìfù mú, ẹ fi ẹnu kejì gbá irin ara ọkọ̀ tí kò ní ọ̀dà mú, bóòtù ńlá ibi tí ṣọ́kì (shock absorber) wà sábà máa ń dára. Ẹ rí i dájú pé ihò DOME ṣófo. Lẹ́yìn náà, ẹ tan iná iwájú, ẹ fọn fèrè, kí ẹ sì sítáàtì rẹ̀. Bí ó bá gbà á, ẹ ti mọ ohun tí ẹ ó sọ fún ẹni tí ó fẹ́ ta brain box fún yín.

Ìyá Mọ́remí, Kúbwà

Ó gbà á! Ní yíyí kan ṣoṣo ni ẹ́ńjìnnì gbà, iná iwájú mọ́lẹ̀ kedere, fèrè dún tí ó fi jẹ́ pé àwọn ará ilé jáde wá wò wá. Inú mi dùn ju bí mo ti lè kọ ọ́ lọ. Ọlọ́run yóò san án fún yín.

Ó wá ku rédíò, iná inú ọkọ̀ àti aago, wọn kò tàn. Mo sì fẹ́ mọ irú wáyà tí n ó ní kí wọ́n fi ṣe earth náà, kí ó má baà tún jó.

Oníná, Lúgbe

A dúpẹ́. Wáyà jọ́ọ̀mpù yẹn kì í ṣe ohun tí ẹ ó fi rìn lọ sí ọjà o, àyẹ̀wò lásán ni.

Ẹ ní kí wọ́n fi wáyà bàbà fọ́nrán-fọ́nrán tí kò kéré sí 16 mm² so nẹ́gétíìfù pọ̀ mọ́ ara ọkọ̀, bí wọ́n bá rí 25, ó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ béèrè bóyá bàbà ni lóòótọ́, nítorí pé aluminiomu tí wọ́n fi bàbà pa lára wà nínú ọjà báyìí. Kí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ láàgì (irin ẹnu wáyà tí ó ní ihò bóòtù) mọ́ ẹnu rẹ̀ méjèèjì, kí wọ́n má kàn lọ́ wáyà mọ́ bóòtù. Kí wọ́n fi sáńpépà họ ọ̀dà kúrò níbi tí láàgì yóò jókòó sí títí irin yóò fi máa dán, kí wọ́n dè é le, kí wọ́n sì fi gíríìsì bo òkè rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dè é tán, nítorí òjò tí ó ń bọ̀. Okùn híhun ti ẹ́ńjìnnì sí ara ọkọ̀ gbọ́dọ̀ padà sí ihò rẹ̀ tí ó ṣófo. Ẹ lè rí i rà níbi tí wọ́n ti ń tú ọkọ̀ tókunbọ̀ ní Zuba, kò sì wọ́n. Bí ọ̀nà bá ti di méjì, bí ọ̀kan bá tilẹ̀ ní àléébù, èkejì á gbé ọkọ̀ dé ilé. Bí wọ́n bá ṣe tán, ẹ tún mítà gbé, kí ẹ sì wọn nẹ́gétíìfù sí ara ọkọ̀ pẹ̀lú iná iwájú ní títàn. Bí ó bá kọjá 0.2, kí wọ́n tú u kí wọ́n tún un ṣe.

Ọmọ Ọ̀fà yóò ṣàlàyé ti DOME, òun ni ó kọ́kọ́ rí i.

Ọmọ Ọ̀fà, Kàdúná

Ẹ ṣeun, Bàbá. Mà, ẹ má tíì fi fíúùsì tuntun síbẹ̀, nítorí pé ẹ ó kàn máa jó fíúùsì ni. Ẹ wá gílóòbù iná bírékì, èyí tí ó jẹ́ wáàtì 21, kí rìwáyà so wáyà méjì mọ́ ìdí rẹ̀, kí ó sì ki ẹnu wọn bọ ojú ihò DOME méjèèjì. Bí bírìjì bá wà, gílóòbù náà á tàn gbòò, kò sì ní jẹ́ kí iná tí ó kọjá ju áńpíà 2 lọ, nítorí náà kò sí wáyà tí yóò jó bí ó ti wù kí ẹ pẹ́ tó lẹ́nu wíwá. Ẹ wá fa rédíò jáde díẹ̀díẹ̀. Ibi tí gílóòbù bá ti ṣàdédé kú tàbí tí ó bá rọ, ibẹ̀ ni bírìjì wà. Bí kò bá kú pẹ̀lú rédíò, ẹ tú iná àjà ọkọ̀ wò, nítorí fíúùsì kan náà ni wọ́n sábà máa ń lò. Kí gílóòbù pọ́n díẹ̀ kò burú, iná kékeré tí rédíò àti aago ń lò nìyẹn.

Ní ti bátìrì tuntun yẹn, ẹ wò ó dáadáa. Bírìjì irú èyí lè ṣe inú bátìrì léṣe. Ẹ wo bóyá orí pọ́sítíìfù ti yọ́, bóyá ìhà rẹ̀ wú, bóyá omi ń jò lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti sùn mọ́jú, ó yẹ kí ó ṣì wà nítòsí 12.6. Nígbà tí sítátà bá ń yí, kò yẹ kí ó rẹlẹ̀ ju 9.6 lọ. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ó yẹ kí ó wà láàrin 13.8 sí 14.5, èyí á jẹ́ kí ẹ mọ̀ pé alternator wà ní àlàáfíà. Bí ọ̀kan nínú wọn bá yàtọ̀, ẹ gbé bátìrì padà fún ẹni tí ó tà á, nítorí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ni ó ṣe bírìjì náà, bátìrì kò sì tíì di ti ẹnikẹ́ni mìíràn lọ́wọ́ yín.

Bí wọ́n bá tún fẹ́ gbé e tàbí tún un dè, ẹ dúró tì wọ́n. Nẹ́gétíìfù ni wọn ó kọ́kọ́ tú, òun náà ni wọn ó dè kẹ́yìn pátápátá, lẹ́yìn irin tí ó dì í mú. Bí nẹ́gétíìfù bá wà ní títú, kò sí ibi tí sípánà lè kàn lára ọkọ̀ tí iná yóò fi ṣẹ́. Ẹ sì ra rọ́bà pupa tí ó máa ń bo orí pọ́sítíìfù, nítorí pé afẹ́fẹ́ tí ó ń jáde nínú bátìrì lè gbiná, mo sì ti rí bátìrì tí ó bẹ́ mọ́ ènìyàn lójú.

Ìyá Mọ́remí, Kúbwà

Wọ́n ti ṣe é tán. Rìwáyà mìíràn ni ó ṣe é, ó sì fara balẹ̀ ka gbogbo ohun tí ẹ kọ kí ó tó fọwọ́ kan ọkọ̀. Wáyà 25 ni ó fi ṣe earth, okùn híhun sì ti padà sí ihò rẹ̀. Nẹ́gétíìfù sí ara ọkọ̀ jẹ́ 0.05 pẹ̀lú iná iwájú ní títàn. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, 14.1 ni mítà ń fi hàn.

Ní ti DOME, bí a ti ki gílóòbù bọ ibẹ̀ ni ó tàn gbòò. Rìwáyà fa rédíò bí ìka kan síta, gílóòbù kú. Ó tì í padà, gílóòbù tàn. A wá rí wáyà ìyeyè kan tí ó há sáàárín ẹ̀yìn rédíò àti irin tí ó gbé e dúró, irin náà ti gé rọ́bà ara rẹ̀ wọ inú bàbà. Ó fi téèpù wé e, ó fi páìpù rọ́bà bò ó, ó sì dè é kúrò níbẹ̀. Fíúùsì búlúù tí a fi sí i ṣì wà láàyè.

Ohun kan ṣoṣo tí mo rí ni pé ẹ́ńjìnnì ń ga sókè díẹ̀, ó ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ bí mo bá dúró níbi iná ojú pópó, wíńdò ti dírẹ́bà náà kò sì gòkè tán fúnra rẹ̀ mọ́ bí mo bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan.

Oníná, Lúgbe

Ìyẹn kì í ṣe àrùn, Ìyá Mọ́remí. Bátìrì tí wọ́n tú fún ìgbà pípẹ́ ni ó jẹ́ kí brain box gbàgbé ohun tí ó ti kọ́. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná dáadáa, ẹ fi í sílẹ̀ kí ó máa ṣiṣẹ́ fún bí ìṣẹ́jú 10 láìtẹ accelerator, pẹ̀lú AC ní pípa, lẹ́yìn náà kí ẹ tan AC fún ìṣẹ́jú mélòó kan sí i. Bí ẹ bá ti wà á díẹ̀ nínú ìlú, ìdúró rẹ̀ á padà sí bó ti wà. Ní ti wíńdò, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ dé ìdajì, ẹ fa bọ́tìnì rẹ̀ sókè títí yóò fi pa dé, kí ẹ má sì tíì fi bọ́tìnì náà sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ lẹ́yìn tí ó bá ti dé òkè.